Ẹ Bi Bàbá Atukọ̀: Ìbọn tó dé erékùṣù, ọ̀nà wo ló gbà wọlé?

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé lórí àwọn ajalèlókun ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè orí omi mọ́, ọ̀rọ̀ ìbọn ni: ta ni òfin gbà láyè láti ní in, báwo ló ṣe ń débẹ̀, kí ni wọ́n ń fi í ṣe láwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tí òkun yí ká. Mo mú díẹ̀ jáde. Ẹ̀yin tí mo gé lẹ́tà yín kúrú, ẹ má bínú. Ẹnì kan kọ ojú ewé mẹ́sàn-án.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Amẹ́ríkà ni ọkọ mi ń gbé, ó sì fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe. A fẹ́ lọ lo ìsinmi wa ní erékùṣù kan ní Kàríbíánì. Ó ní òun ò ní mú ìbọn dání, àmọ́ báàgì tó ń gbé lọ sínú igbó náà ló máa ń gbé rìnrìn-àjò. Ṣé mo kàn ń dá ara mi láàmú ni? — Ìyàwó Ọdẹ

Ìyàwó Ọdẹ, ẹ ò dá ara yín láàmú rárá. Báàgì yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Turks and Caicos, erékùṣù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọta ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà má sí ìbọn nítòsí. Ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ni ìwọ̀nba tó kéré jù tí òfin wọn là sílẹ̀ fún un. Ní 2024, àwọn àlejò márùn-ún láti Amẹ́ríkà kó sí pańpẹ́ yìí. Ọta mélòó kan ni wọ́n bá nínú ẹrù wọn. Àwọn kan ní láti ìgbà tí àwọn ti lọ dọdẹ ló ti wà nísàlẹ̀ báàgì, àwọn ò rántí ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ayẹrùwò Amẹ́ríkà jẹ́ kí ẹrù kọjá. Ti erékùṣù rí i nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé.

Ariwo sọ. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà wọ bàlúù lọ bá gómìnà ibẹ̀. Nígbẹ̀yìn, kò sí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 12 nínú wọn. Adájọ́ wo ọ̀rọ̀ náà sànsàn, wọ́n san owó ìtanràn, wọ́n lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ilé aṣòfin erékùṣù ọ̀hún tún òfin ṣe, kí adájọ́ lè ní àyè púpọ̀ sí i láti wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kó tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ìyẹn dáa. Àmọ́ mi ò sí lára àwọn tó ń bú àwọn ará erékùṣù náà. Ìbọn àti ọta tó ń pa àwọn ọmọ wọn, òkèèrè ló ti ń wá, nínú ẹrù bíi ti gbogbo ènìyàn. Wọn ò lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́ ìgbàgbé.

Bahamas tún yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n gba ọkọ̀ ìgbafẹ́ láyè láti gbé ìbọn wọ omi wọn, tí ọlọ́kọ̀ bá ti kéde rẹ̀. Mo ti bá olówó kan ṣiṣẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá ti ń sún mọ́ èbúté, ọ̀gá ọkọ̀ á ká aṣọ kúrò lórí tábìlì ìjẹun, á gbé àpótí ìbọn lé e, èmi á sì máa to ọta ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Òun á máa kọ ọ́ sórí ìwé aṣọ́bodè: irú ìbọn tó jẹ́, ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i lára, iye ọta. Wọn kì í kọ “bí ọgọ́ta” síbẹ̀ o. Iye gan-an ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọn á padà sínú àpótí, wọ́n á tì í pa, kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ lọ sórí ilẹ̀ títí a ó fi tú ìdákọ̀ró. Ọ̀gá yẹn kì í bẹ̀rù ìjì. Nídìí ọta kíkà nìkan ni mo ti máa ń rí i kó máa nu òógùn.

Ẹ da báàgì ọkọ yín dorí kodò, kẹ́ ẹ fọwọ́ tọ gbogbo àpò rẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ra òmíràn.

Bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí. Erékùṣù wo ni òfin ìbọn rẹ̀ le jù, ṣé líle náà sì ń mú èso jáde? — Ọmọ Òfin

Ọmọ mi, Palau ni kó o kọ́kọ́ yà sí, ní Òkun Pàsífíìkì, níbi tí ènìyàn kò ti pé 20,000. Òfin ìbọn tiwọn wà nínú ìwé òfin tí wọ́n fi dá orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ ní 1981. Ó ní kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn tàbí ọta àyàfi ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ọmọ ogun tó wà níbẹ̀ lọ́nà òfin. Aṣòfin tó bá fẹ́ yí èyí padà, àfi kó gbé e lọ síwájú gbogbo ìlú kí wọ́n dìbò sí i. Ìwé òfin náà tún pàṣẹ pé láàárín 180 ọjọ́ kí wọ́n ṣe òfin tí wọ́n á fi ra ìbọn tó wà nílẹ̀ tàbí kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì pa á rẹ́, kí ẹ̀wọ̀n ẹni tó bá rú òfin náà má sì dín ní ọdún 15. Èmi ò mọ orílẹ̀-èdè mìíràn tó kọ iye ọdún ẹ̀wọ̀n ìbọn sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ báyẹn.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa Haruo Remeliik, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, níta ilé rẹ̀. Má torí ìyẹn sọ pé òfin náà kò wúlò. Ìbọn ṣọ̀wọ́n ní Palau títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pa ààrẹ rí èyí tó lò.

Singapore náà le. Láti 1973 ni òfin wọn ti sọ pé ẹni tó bá yìnbọn pẹ̀lú èrò láti ṣe ènìyàn léṣe, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀, kódà kí ọta náà má ba ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kàn ní ìbọn lọ́wọ́ láìgbàṣẹ á ṣẹ̀wọ̀n, á sì jẹ ẹgba. Níbẹ̀, òfin ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé èbúté wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ní ojú tó jò, ọlọ́pàá wọn kì í ta ìbọn ìjọba, ilé ẹjọ́ wọn kì í sùn.

Wá wo Jàmáíkà báyìí. Ní 1974, ìjọba Michael Manley dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan. Wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ọgbà rẹ̀ ká ní Kingston, wọ́n sì kùn ún ní pupa kí ojú gbogbo ayé lè rí i. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi níbẹ̀, wọ́n ń tì í mọ́lé láìdá ọjọ́, ìgbìmọ̀ kan ló máa pinnu ìgbà tó máa jáde. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ òfin, wá ẹjọ́ Hinds kà: ní 1975, àwọn adájọ́ Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ Jàmáíkà lọ, ní títì mọ́lé láìdá ọjọ́ yẹn tako ìwé òfin ilẹ̀ náà, torí adájọ́ ló yẹ kó ń sọ iye ọjọ́ tí ènìyàn máa lò, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ilé ẹjọ́ ìbọn náà fúnra rẹ̀ ṣì wà. Síbẹ̀, ní 2005, iye ènìyàn tí wọ́n pa ní Jàmáíkà ju 1,600 lọ, ìbọn ló sì pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2022 wọ́n tún ṣe òfin tuntun, ọdún 15 ni ẹ̀wọ̀n tó kéré jù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, iye òkú ti ń wálẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣé òfin ló fà á ni? Ó lè ní ọwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ pupa wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí òkú fi ń pọ̀ sí i, nítorí náà mi ò ní gbé gbogbo ìyìn fún òfin.

Ọdẹ ni mí, ó sì ń bí mi nínú pé wọ́n ń pe gbogbo oníbọn ní apànìyàn. Ṣé kò sí erékùṣù tí ìbọn pọ̀ sí tí àlàáfíà sì wà? — Ọmọ Ògún

Ó wà. Iceland. Ènìyàn wọn ò tó 400,000, ìbọn wọn sì tó bí 30 fún ènìyàn 100. Ìbọn ọdẹ ni, wọ́n ń fi í pa ẹyẹ àti àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù. Kó o tó gba ìwé àṣẹ, o gbọ́dọ̀ pé ọmọ ogún ọdún, kí dókítà yẹ̀ ọ́ wò, kó o jókòó kẹ́kọ̀ọ́, kó o sì ṣe ìdánwò lórí ìwé. Ọlọ́pàá wọn kì í fi ìbọn rìn láàárín ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ yìnbọn pa ènìyàn láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè náà ti gba òmìnira pátápátá ní 1944. Ọkùnrin kan ló ń yìnbọn lu àwọn ọlọ́pàá láti inú ilé rẹ̀ ní Reykjavik. Ọ̀gá ọlọ́pàá jáde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí ọkùnrin náà. Mo ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Cyprus náà ní ìbọn púpọ̀, ó tiẹ̀ ju ti Iceland lọ díẹ̀. Àwọn ọdẹ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun ṣùgbọ́n tí ìjọba ṣì lè pè padà ń tọ́jú ìbọn ológun sílé wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò dùn mọ́ mi nínú.

Bàbá, erékùṣù kékeré kò ní ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ìbọn. Omi yí i ká. Báwo wá ni ìbọn ṣe ń pọ̀ níbẹ̀? — Olùkọ́ Àgbà

Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyí, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í dáadáa.

Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ni òkun. Ní Kàríbíánì, Amẹ́ríkà ni orísun. Ní 2024, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà wò gbé e jáde pé nínú ìbọn tí wọ́n gbà ní Kàríbíánì láàárín 2018 sí 2022 tí wọ́n sì tọpa wọn, 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti Amẹ́ríkà wá. Èrè tó wà nídìí ẹ̀ ló ń mú kí ènìyàn fi ẹ̀mí wewu: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń tà ní dọ́là 400 sí 500 ní Amẹ́ríkà lè di dọ́là 10,000 tó bá dé Hàítì. Ẹni tó ju ẹyọ mẹ́ta sínú àpótí aṣọ òkìrìkà ti rí owó ọdún kan. Nígbà tí Jamaat al Muslimeen, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ Mùsùlùmí kan, ya wọ ilé aṣòfin Trinidad ní 27 oṣù keje ọdún 1990, tí wọ́n mú olórí ìjọba Robinson ní ìgbèkùn, tí wọ́n sì yìnbọn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Florida ni wọ́n ti ra ìbọn náà. Mexico pe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn orílẹ̀-èdè Kàríbíánì kan kọ̀wé tì í lẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fẹnu kò, wọ́n da ẹjọ́ náà nù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, Olùkọ́ Àgbà. Gbogbo ojú ló ń wo òkun, ibẹ̀ kọ́ ni mo ti ń bẹ̀rù jù. Ilé tí ìjọba ń kó ìbọn tirẹ̀ sí ni. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ẹ wo Erékùṣù Sólómọ́nì. Láti 1998 ni ìjà ti wà láàárín àwọn ọmọ Guadalcanal àti àwọn tó ti Malaita wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbọn àgbélẹ̀rọ ni àwọn jàǹdùkú Guadalcanal ń lò: wọ́n á gé páìpù omi, wọ́n á so ó mọ́ igi, wọ́n á sì wa ọta tí àwọn Amẹ́ríkà àti Jàpáànù fi sílẹ̀ nínú igbó láti ìgbà ogun 1942 jáde. Ọta tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún tó ju àádọ́ta lọ, ó sì ń dún! Ìyẹn burú, àmọ́ kò tíì lè gba ìjọba. Ohun tó gba ìjọba ni ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2000, nígbà tí ẹgbẹ́ oníjà àwọn ará Malaita, Malaita Eagle Force, pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn wọn, ṣí ilé ìkóbọnsí ọlọ́pàá ní Rove, ní Honiara. Ìbọn ológun tí ìjọba fi owó ìlú rà bọ́ sí ọwọ́ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n mú olórí ìjọba Ulufa'alu, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni oníbọn fi ń wọ ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìlú, tó ń gba ohun tó wù ú.

Fíjì náà rèé lọ́dún kan náà, ní 19 oṣù karùn-ún. George Speight wọ ilé aṣòfin, ó sì fi àwọn aṣòfin sí ìgbèkùn fún ọjọ́ 56. Ta ló gbé ìbọn fún un? Àwọn ọmọ ogun tí ìjọba kọ́ ní iṣẹ́ kí wọ́n lè dènà irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ni, láti inú ilé ìbọn ológun.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń sọ fún mi pé kí erékùṣù kan ra ìbọn tuntun fún ọlọ́pàá rẹ̀ nítorí ọ̀daràn, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni: ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ kó o sẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ta ló mú kọ́kọ́rọ́? Ta ni ọ̀gá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́?

Bí wọ́n ṣe gba ìbọn náà padà ní Sólómọ́nì tọ́ kí ènìyàn mọ̀. Ní 24 oṣù keje ọdún 2003, Ọsirélíà ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè Pàsífíìkì lọ síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RAMSI. Wọ́n dá ọjọ́ mélòó kan fún àwọn ènìyàn láti kó ìbọn sílẹ̀ láìsí pé wọ́n mú wọn. Láàárín oṣù kan, Harold Keke, olórí jàǹdùkú Guadalcanal tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìbọn tó lé ní 3,500 ni wọ́n gbà lápapọ̀, wọ́n sì gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níṣojú àwọn ará ìlú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n kó o pamọ́ ni. Ọlọ́pàá ibẹ̀ fúnra wọn wà láìní ìbọn títí di 2017, nígbà tí wọ́n dá díẹ̀ padà fún àwọn ẹ̀ka kan kí RAMSI tó lọ.

Bougainville tó wà nítòsí wọn, tó jẹ́ apá kan Papua New Guinea, gba ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn gan-an. Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà 2001, àwọn ajagun kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó láti gbé ìbọn fún un. Nítorí náà, wọ́n gbé kọ̀ǹténà wá, wọ́n kó ìbọn sínú rẹ̀, wọ́n sì fi àgádágodo méjì tì í. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn ajagun, ìkejì wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọ̀kan kò lè ṣí i láìsí èkejì. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀ tán ni wọ́n tó pa ìbọn náà rẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìbọn ló wọ inú kọ̀ǹténà o, àwọn kan pa tiwọn mọ́. Síbẹ̀, wọ́n dìbò lórí òmìnira wọn ní 2019 láìsí ogun.

Bí orílẹ̀-èdè kékeré kò bá ní ìbọn, ṣé àwọn ajagun-gbowó kò ní kó o lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan? — Ajagun-fẹ̀yìntì

Ọ̀gá, wọ́n gbìyànjú ẹ̀ ní Seychelles. Ní 25 oṣù kọkànlá ọdún 1981, Mike Hoare àti àwọn bí ogójì ọkùnrin wọ bàlúù dé Mahé, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọlọ́tí ni àwọn, àwọn wá gbafẹ́, àwọn sì kó nǹkan ìṣeré wá fún àwọn ọmọ tí kò lóbìí. AK-47 ló wà lábẹ́ nǹkan ìṣeré náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjá kí aṣọ́bodè tó sọ pé kí ẹnì kan ṣí báàgì rẹ̀. Ó rí ìbọn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú pápákọ̀ òfurufú, àwọn ajagun-gbowó náà já bàlúù Air India kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ gbà, wọ́n sá lọ sí Durban, wọ́n sì fi àwọn kan nínú wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Seychelles ní ọmọ ogun nígbà náà, àwọn náà jà. Àmọ́ ẹni tó bá iṣẹ́ wọn jẹ́ ni òṣìṣẹ́ kan tó ń yẹ ẹrù wò.

Ẹ wá fi Comoros wé e. Ààrẹ Abdallah ibẹ̀ ní ìbọn, ó ní ẹ̀ṣọ́, àwọn ajagun-gbowó Bob Denard ló sì ń darí ẹ̀ṣọ́ náà. Nínú ààfin rẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1989.

Bàbá Atukọ̀, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ní ìbọn? — Ẹni Tó Kàn Fẹ́ Mọ̀

Rárá. Mi ò rí orí ọta kà mọ́ láìlo jígí.

Lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn atukọ̀ tí ọ̀gá wọn sá lọ ni mo máa dáhùn. Lẹ́tà mẹ́rin ló ti wà nílẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹni tó kọ ojú ewé mẹ́sàn-án, ẹ jọ̀ọ́, kí èyí tó ń bọ̀ má ju méjì lọ.